Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Olùkọ́ Ráyè Jókòó Pọ̀, Kí Ọ̀gá Ilé-Ìwé sì Padà Sídìí Ìkọ́ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ ránṣẹ́ sí ojú-ewé yìí nípa ilé-ìwé: bóyá àwọn ọmọ ń mọ̀wé bó ṣe yẹ, ta ló jẹ̀bi bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kí ló sì yẹ kí ìjọba ṣe. Àwọn kan ń béèrè fún ilé tuntun, àwọn kan ń béèrè fún ìwé, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí owó oṣù olùkọ́ gbéra sókè. N kò ní bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn, nítorí kò sí èyí tí kò wúlò nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín olùkọ́ kan àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì í rí ẹni tó ń béèrè pé nínú gbogbo wákàtí tí ọ̀gá ilé-ìwé ń lò níbi iṣẹ́, mélòó ló ń lọ sórí ìkọ́ni gan-an. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, nítorí lójú tèmi, bí a bá kọ́ ilé, tí a ra ìwé, tí a sì fi kún owó oṣù, ṣùgbọ́n tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ń dá nìkan ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ohun tí ọmọ máa bá nínú kíláàsì kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àná.

Ní ọdún 1975, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Dan Lortie, kọ̀wé nípa bí ìgbésí ayé olùkọ́ ṣe rí, ó sì fi ilé-ìwé wé kíréètì ẹyin: ẹyin kọ̀ọ̀kan wà nínú ihò tirẹ̀, a sì ti ṣe é kí ọ̀kan má baà kan èkejì. Láti ìgbà náà títí di òní, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn kò ti bá mu kò pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń dúró ti àgbà iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọn kì í fa aláìsàn lé dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè lọ́wọ́ kí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wá kúrò nítòsí. Olùkọ́ ni ti tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti máa gba kíláàsì tó kún, irú iṣẹ́ kan náà tí wọ́n gbé fún ẹni tó ti ń kọ́ni fún 30 ọdún, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti àwọn ọmọ náà. Nígbà míràn gan-an, kíláàsì tó le jù lọ ni wọ́n máa ń gbé fún un, nítorí àwọn àgbà ti yan èyí tó rọrùn kó tó dé. Ohun tó bá rí kọ́ láti inú àṣìṣe rẹ̀, òun nìkan ló máa mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá sì fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tó ti mọ ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti ọ̀nà tí a lè gbà mú wọn padà, ìmọ̀ yẹn yóò bá a lọ sílé, ẹni tó gba ipò rẹ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé ohun tí à ń pàdánù. Ká sọ pé olùkọ́ mẹ́ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní ìpele kan náà ní ìṣirò, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní kíláàsì tirẹ̀. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ro ìdá mọ́ ìdá, wọ́n sì ti fún wọn ní iṣẹ́ ṣe. Nínú kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi bíírò pupa fagi lé e, ó kọ ìdáhùn tó tọ́, ìyẹn 5/6, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé olódo ti pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ọdún yìí. Bí wọn kò bá sọ ọ́ síta, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ máa parí sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n á bọ́ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn, nítorí ìwé ètò ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n máa lọ, àṣìṣe yẹn á sì máa bá àwọn ọmọ náà gòkè láti kíláàsì kan dé òmíràn.

Ẹ wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó yí tábìlì kan ká, tí wọ́n sì kó ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ wọn síwájú. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí ni pé àṣìṣe kan náà ni, kì í ṣe pé ti kíláàsì ẹnì kan ló burú. Bí àṣìṣe kan bá sì ti ọwọ́ ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, a jẹ́ pé ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń dá sí i. Nọ́ńbà òkè ni wọ́n rò mọ́ nọ́ńbà òkè, wọ́n sì ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, torí pé bí wọ́n ṣe ń ro nọ́ńbà pọ̀ láti kékeré nìyẹn. Wọn kò tíì rí ìdá gẹ́gẹ́ bí iye kan ṣoṣo, nọ́ńbà méjì tí a tò léra ni wọ́n ń rí. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní kàn tún òfin ìṣirò náà pè lóhùn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀kan nínú wọn lè dábàá pé kí wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè èwo ló tóbi jù, 1/2 ni tàbí 2/5. Ọmọ tó bá mọ̀ pé 2/5 kò tó ìdajì yóò rí i pé ìdajì ni òun fi bẹ̀rẹ̀, òun tún fi nǹkan kún un, síbẹ̀ ohun tó délẹ̀ kéré sí ìdajì. Ó gbọ́dọ̀ ya òun náà lẹ́nu. Olùkọ́ kejì lè sọ pé àwọn ọmọ kan wà tí kò ní mọ̀ pé 2/5 kò tó ìdajì, àti pé kí wọ́n fún irú wọn ní pépà méjì tó gùn bákan náà, kí wọ́n ṣẹ́ ọ̀kan sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n ṣẹ́ èkejì sí ọ̀nà márùn-ún, kí wọ́n sì gbé wọn síra. Ẹnì kẹta, tó jẹ́ àgbà wọn lẹ́nu iṣẹ́, á kìlọ̀ pé òun ti lo pépà rí, pé àwọn ọmọ á lo gbogbo àkókò sórí pépà ṣíṣẹ́ bí a kò bá ti ṣẹ́ ẹ fún wọn ṣáájú. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ì bá dá gbogbo èyí rò, ó kéré tán kì í ṣe láàárín wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ dán an wò, wọ́n á sì tún padà jókòó pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tuntun, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́. Pípadà jókòó yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń fò. Wọ́n á ṣèpàdé, wọ́n á fẹnu kò, ó tán. Bí a kò bá padà wo ọwọ́ àwọn ọmọ, a kò lè mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn tí a gba ara wa jẹ́ ìmọ̀ràn gidi tàbí ọ̀rọ̀ dídùn lásán.

Ní Japan, àwọn olùkọ́ ti ń ṣe irú nǹkan yìí láti ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń parí lọ. Jugyō kenkyū ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùkọ́ díẹ̀ á jọ mú ẹ̀kọ́ kan tó máa ń fún àwọn ọmọ ní wàhálà, wọ́n á lo ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà míràn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láti ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ, títí kan ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ àti ìdáhùn tí wọ́n retí pé àwọn ọmọ máa mú wá. Ọ̀kan nínú wọn á wá kọ́ ọ ní kíláàsì, àwọn yòókù á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ojú wọn kì í wà lára olùkọ́, ara àwọn ọmọ ló máa ń wà: ọmọ wo ló dákẹ́, èwo ló bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó sì ṣìnà láàárín, kí ni èyí tó wà lẹ́yìn ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí gbogbo wọn jọ ṣètò ni wọ́n á máa tú wò, kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n á tún un ṣe, ẹlòmíràn á sì tún lọ kọ́ ọ ní kíláàsì mìíràn. Àwọn ará òde kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa ètò yìí títí di ọdún 1999, nígbà tí James Stigler àti James Hiebert kọ̀wé jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti wo fídíò kíláàsì ìṣirò láti Jámánì, Japan àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín orílẹ̀-èdè kan àti èkejì nínú ọ̀nà ìkọ́ni ju èyí tó wà láàárín olùkọ́ kan àti èkejì nínú orílẹ̀-èdè kan náà lọ. Ní ìlú Shanghai ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìdánwò àgbáyé PISA ti ọdún 2009 àti ti 2012, àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà wà nínú ẹgbẹ́ tó ń pàdé déédéé láti jọ ṣètò iṣẹ́ àti láti lọ wo ara wọn ní kíláàsì. N kò sọ pé ìyẹn nìkan ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀: ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì wọn, kí wákàtí tí olùkọ́ fi ń dúró níwájú kíláàsì lè dín kù, kí àyè ìmúrasílẹ̀ sì wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ lásán ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí rí. Ní ọdún 2009, Kirabo Jackson àti Elias Bruegmann gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí olùkọ́ tó mọṣẹ́ bá wá dara pọ̀ mọ́ àwọn olùkọ́ ìpele kan, àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì àwọn olùkọ́ yòókù pàápàá máa ń ṣe dáadáa sí i nínú ìṣirò àti ìwé kíkà, àti pé àwọn olùkọ́ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń jèrè rẹ̀ jù. Ìyẹn ni pé ìmọ̀ olùkọ́ kan lè gba ara ògiri kọjá sí kíláàsì kejì. Ní ọdún 2014, Matthew Kraft àti John Papay tún fi hàn pé ibi tí olùkọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ bó ṣe máa dàgbà sí nínú iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún 10, ìtẹ̀síwájú àwọn olùkọ́ tó wà ní ilé-ìwé tí ìrànlọ́wọ́, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti aṣáájú rere wà fi ìdá 38 nínú 100 ju ti àwọn tó wà níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti kéré. Èyí yẹ kó mú wa ronú, nítorí ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé olùkọ́ máa ń yára dára sí i ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, kó tó wá dúró sójú kan. Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ilé-ìwé ló dá a dúró.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe ìkìlọ̀ kan kí ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ka lẹ́tà yìí tó sáré lọ lẹ ìkéde ìpàdé mọ́ ara pátákó. Kì í ṣe gbogbo ìpàdé ló jẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Nígbà tí Andy Hargreaves ń ṣèwádìí lórí àkókò ìmúrasílẹ̀ àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ó rí i pé bí àwọn aláṣẹ bá fi tipátipá so àwọn olùkọ́ pọ̀, tí wọ́n yan wákàtí fún wọn, tí wọ́n sì tún yan ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ, àwọn olùkọ́ á jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò ní sí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ló mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ ó kọ ohun tí ẹ rò pé ọ̀gá fẹ́ kà sínú rẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i, ẹ ó sì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni pípàṣípààrọ̀ ìwé ètò ẹ̀kọ́ kò tíì tó, àti jíjókòó ní yàrá àwọn olùkọ́ láti ráhùn nípa ọmọ kan. Ìwádìí TALIS, tí wọ́n fi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè lórí ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè, ṣe ní ọdún 2013 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn olùkọ́ tó sọ pé àwọn kò wọ kíláàsì olùkọ́ mìíràn rí láti wò ó kí àwọn sì sọ ohun tí àwọn rí fún un. Ohun tó nira gan-an nínú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nìyẹn, òun sì ni a ń sá fún.

Kí ló fà á tí a fi ń sá? Ìbẹ̀rù ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìgbà kan ṣoṣo tí àgbàlagbà mìíràn máa ń wọ kíláàsì olùkọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní máàkì, ìyẹn ìgbà tí alábẹ̀wò bá dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tàbí ìgbà tí ìgbéga bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ yẹn, olùkọ́ á mú ẹ̀kọ́ tó mọ̀ jù lọ jáde, àwọn ọmọ á jókòó jẹ́jẹ́, àlejò á kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó ń bẹ̀rù kò lè fi ibi tó ń dùn ún hàn. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún ara wọn, ẹni tó wá ranni lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó tún ń kọ̀wé ẹ̀sùn lọ sókè, ohun tí ó bá rí níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ inú fáìlì olùkọ́ náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀gá ilé-ìwé, nítorí òun nìkan ló lè mú kí ìbẹ̀rù yẹn kúrò. Ní ọdún 2008, Viviane Robinson ti orílẹ̀-èdè New Zealand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kó ìwádìí 27 jọ, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ń ṣe tó ń hàn nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Wọ́n rí ọ̀nà márùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀kan ta gbogbo àwọn yòókù yọ: kí ọ̀gá máa ṣètò bí àwọn olùkọ́ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ sí i, kí òun náà sì jókòó láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kíyè sí apá kejì gbólóhùn yẹn. Rírán olùkọ́ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́, ṣíṣí ìpàdé kí ọ̀gá sì dìde lọ gba àlejò nìkan sì kọ́. Ọ̀gá tó bá jókòó síbẹ̀ títí dé òpin á mọ ohun tí àwọn olùkọ́ fẹ́ ṣe, á mọ ìdènà tó wà lọ́nà wọn, òun ló sì ní àṣẹ láti mú un kúrò. Bí ọ̀gá kan bá sì lè sọ níwájú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi náà kò mọ bí a ṣe lè kọ́ èyí kó yé wọn," ẹni tó kéré jù nínú wọn á rí àyè sọ tirẹ̀.

Mo mọ ìdáhùn tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé máa fún mi, kò sì jẹ́ irọ́: iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, òbí kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà ti dé láti ọ́fíìsì pé kí wọ́n fi iye ọmọ àti iye àga ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán, olùkọ́ méjì kò wá, ọmọ méjì ti ja ìjà. Nígbà tí Jason Grissom, Susanna Loeb àti Benjamin Master ṣe ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013, wọ́n rán àwọn ènìyàn láti máa tẹ̀lé nǹkan bí 100 ọ̀gá ilé-ìwé kiri ní àgbègbè Miami-Dade ní Florida, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọjọ́ wọn ló ń lọ sórí ìkọ́ni, àti pé nínú ìwọ̀nba náà, ohun tí wọ́n ń ṣe jù ni kí wọ́n gba kíláàsì kọjá, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ. Àwọn olùwádìí náà rí i pé irú ìrìn-kiri bẹ́ẹ̀ kò bá ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ rìn rárá, pàápàá níbi tí a kò ti lò ó láti ran olùkọ́ lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀gá ti jókòó ti olùkọ́, tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí bó ṣe ń kọ́ni, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, ọ̀gá tó ń fọ́nnu pé kò sí ọjọ́ tí òun kì í yọjú sí gbogbo kíláàsì lè máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò. Kó mú kíláàsì méjì ní ọ̀sẹ̀, kó bi olùkọ́ léèrè ṣáájú pé kí ló fẹ́ kí òun bá a wò, kó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó wo ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ, kí àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an lórí ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ náà máa gbìyànjú kí wọ́n tó tún ríra. Ohun kan ṣoṣo, mo tún un sọ. Ẹni tí a bá ka àṣìṣe mẹ́tàlá fún kò ní tún ọ̀kan ṣe.

Àwọn kan á ní ọ̀gá tó jẹ́ olùkọ́ ìtàn tẹ́lẹ̀, kí ló mọ̀ nípa kẹ́mísìrì tó fẹ́ fi tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà? Ìbéèrè tó dára ni. Kò dìgbà tó bá mọ kẹ́mísìrì kó tó lè rí i pé ọmọ mẹ́rin péré ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, tàbí pé olùkọ́ ń béèrè ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn kí àwọn ọmọ tó ronú. Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, kó pín iṣẹ́ náà fún igbákejì rẹ̀ àti fún àwọn olùkọ́ tó mọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan dunjú, kó sì dín wákàtí ìkọ́ni wọn kù kí wọ́n lè ráyè wọ kíláàsì àwọn yòókù. Ẹni tí a fún ní oyè olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí a kò sì fún ní àkókò, ìwé ni yóò máa gbà, yóò sì máa gbé e lọ fún ọ̀gá.

Àkókò ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kò bá sí nínú àtẹ àkókò ilé-ìwé, kò sí níbì kankan. Bí a bá ní kí àwọn olùkọ́ máa ṣe é lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, àwọn tó ní ìtara á ṣe é fún sáà kan, ó sì máa kú. Ọ̀gá tó bá fẹ́ lè tò ó kó jẹ́ pé àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ìpele kan náà tàbí ẹ̀kọ́ kan náà jọ ní àkókò òfìfo ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì dáàbò bo àkókò yẹn, kí wọ́n má máa fà wọ́n jáde láti lọ dúró fún olùkọ́ tí kò wá. Àkókò mìíràn wà tó ń ṣòfò lójú wa: ìpàdé gbogboogbò tí wọ́n fi ń ka ìkéde tó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Bí a bá gba ìdajì ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ, a kò tíì ná kọ́bọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì lè gba kíláàsì kan kọ́ fún wákàtí kan kí olùkọ́ ibẹ̀ lè lọ wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò ṣe é láǹfààní jù bó ṣe rò lọ. Ní ilé-ìwé kékeré tó jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan, kó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé tó wà nítòsí, kí àwọn ọ̀gá wọn sì jọ yan ọjọ́ tó máa rọrùn fún gbogbo wọn.

Àwọn tó wà lókè ní ipa tiwọn, n kò sì ní fi ṣeré. Wọn kò lè máa fi ọjọ́ orí lẹ́nu iṣẹ́ nìkan yan ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n má kọ́ ọ ní ohun kankan nípa bí a ṣe ń wo ìkọ́ni, kí wọ́n wá máa fi bí fọ́ọ̀mù ṣe tètè dé ọ́fíìsì díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tún máa retí pé kíláàsì ni ọkàn rẹ̀ máa wà. Ohun tí a ń bi ọ̀gá léèrè ni yóò máa ṣe. Bákan náà, níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀bùn tàbí ìgbéga mú olùkọ́ kan bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díje lórí máàkì àwọn ọmọ, kí wọ́n má ṣe bínú bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá fi ọgbọ́n wọn pamọ́ fún ara wọn. Bí ẹ̀bùn bá máa wà, kó jẹ́ ti gbogbo àwọn olùkọ́ ìpele kan.

Mo sì fẹ́ kí àwọn òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yín fi ìbéèrè méjì kún èyí tí wọ́n máa ń béèrè níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kí wọ́n bi ọ̀gá ilé-ìwé pé, ọjọ́ wo àti aago mélòó lọ́sẹ̀ ni àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ àwọn ń jókòó papọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ? Kí wọ́n sì tún bi í pé, kíláàsì wo ni ẹ wọ̀ kẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dé òpin, kí sì ni ẹ̀yin àti olùkọ́ náà fẹnu kò sí lẹ́yìn rẹ̀? Kí wọ́n béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì tún béèrè rẹ̀ ní sáà tó bá tẹ̀lé e.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì